Ọkọ̀ Ogun Tí Mo Fi Agolo Ṣe

Ohun kan wà lórí pẹpẹ ìwé nínú yàrá mi tí kò sí àlejò tó wọlé tí kì í bi mí léèrè rẹ̀. Àwọn kan ní katapílà ni. Àwọn ọmọ mi ní pàǹtí ni. Agolo mílíìkì ni mo fi ṣe ara rẹ̀, sílípáàsì gbígbó ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ti dípẹtà tán. Ọkọ̀ ogun ni, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń yìnbọn. Èyí tó ń fa ọkọ̀ ogun ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀ ni. Rìkọ́fárì ni àwọn ṣójà ń pè é. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo ṣe é ní Arámọkọ, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní October 1, 1996.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Tírélà ńlá kan tó jẹ́ ti àwọn ṣójà bàjẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wa, ọjọ́ méjì gbáko ló sì fi dúró níbẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n gbé rìkọ́fárì náà sí. Ta ló tún ń rántí iléèwé? A tò yí i ká bí ẹni ń wo eégún. A ka táyà rẹ̀, a ka ìkọ́ ara rẹ̀. Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni pé níbi tó yẹ kí ìbọn ńlá wà, kò sí nǹkan kan. Dípò ìbọn, abẹ irin kan wà níwájú rẹ̀ tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tó dà bí ọkọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀.

Ogun ló bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ kó táńkì lọ sójú ìjà, ní Somme ní ilẹ̀ Faransé, ní September 15, 1916. Nínú 49 tí wọ́n kó wá, nǹkan bíi 32 péré ló dé ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀; àwọn yòókù ti bàjẹ́ tàbí kí wọ́n ti rì sínú ẹrẹ̀. Irin tó wọn tọ́ọ̀nù 28, ta ni yóò fà á yọ? Ẹṣin kò tó o. Nígbà tí ogun Hitler fi dé, àwọn ará Jámánì ti rí ọgbọ́n dá sí i. Ní 1943 wọ́n mú táńkì wọn kan tó ń jẹ́ Panther, wọ́n ṣí orí rẹ̀ kúrò pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ká okùn irin sínú rẹ̀, ẹ̀rọ tó lè fa tọ́ọ̀nù 40. Wọ́n wá fi abẹ ńlá kan sí i nídìí. Ti Nàìjíríà ńkọ́? Ní 1981, nígbà ìjọba Shehu Shagari, a ra táńkì 36 lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Vickers ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì ra rìkọ́fárì márùn-ún mọ́ ọn. Irú wọn ni èyí tó dúró sí Arámọkọ.

Mo lọ sílé, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Agolo mílíìkì méjì àti agolo sàdíìnì kan ni mo là tí mo sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo gé sílípáàsì ìyá mi (ó ti já tẹ́lẹ̀, ẹ má bínú sí mi) róbótó róbótó fún táyà, mo sì gé rọ́bà inú kẹ̀kẹ́ fún ṣéènì tó yí wọn ká. Ìdérí báírò ni mo fi ṣe àwọn ihò tó ń tú èéfín. Igi tí wọ́n ń ká òwú ìránṣọ mọ́ di ẹ̀rọ ìfàkùn, mo sì tú fọ́nrán kan nínú wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ láti fi ṣe okùn rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe mọ ìwọ̀n? Ṣójà kan fara ti ọkọ̀ náà. Mo ní kí igi ìṣáná kan dúró fún ṣójà yẹn, mo wá ń fi igi ìṣáná wọn gbogbo ohun tó kù. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo kà á pé àwọn tó ń fi irú iṣẹ́ yìí ṣeré nílẹ̀ òkèèrè, ìwọ̀n 1/35 ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, pé ilé iṣẹ́ Tamiya ti Japan ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀, àti pé bí bátìrì tí wọ́n fẹ́ kì sínú táńkì ìṣeré wọn ṣe tóbi tó ló bí ìwọ̀n náà. Igi ìṣáná tèmi kò jìnnà sí i. Bátìrì ni wọ́n fi dá ìwọ̀n tiwọn, ìṣáná ni mo fi dá tèmi, kí ni ìyàtọ̀?

Bàbá ìyá mi, ọmọ Ẹ̀fọ̀n, kàfíńtà, ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ní alẹ́ mo gbé iṣẹ́ mi lọ fún Bàbá. Mo ń retí ìyìn. Bàbá yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n ní:

"Ọmọ mi, okùn yìí, ibo ló ń gbà jáde?"

N kò mọ̀. Mo kàn so ó mọ́ ẹ̀yìn ni.

"O rí i, àbí o kò rí i?"

"N kò rí i, Bàbá."

"Lọ wò ó."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí mo fi dé ìdí tírélà. Ṣójà kan ń fọ eyín. Mo dọ̀bálẹ̀, mo béèrè. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó gbé mi gun òkè, ó fi ihò tí okùn ń gbà jáde hàn mí, níwájú, lókè abẹ ńlá yẹn gan-an. Ó wá sọ ohun tí n kò béèrè: bí rìkọ́fárì kò bá kọ́kọ́ gún abẹ yẹn wọlẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ tó rì ni yóò fà wá, ara rẹ̀ ni yóò fà lọ bá a. Ìdákọ̀ró rẹ̀ ni.

Nígbà tí mo tún un ṣe, Bàbá mi orí. Wọ́n ní bí a bá dé Ẹ̀fọ̀n, kí n lọ wo ìjánu ẹṣin lára òpó ààfin Aláàyè. Mo lọ. Iná jó ààfin náà ní 1912. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́, Agbọ́nbíọ̀fẹ́ Adéṣínà, tó kú ní 1945, ló gbẹ́ òpó tó lé ní ogún fún un. Agbo ilé kan náà ni wọ́n ti ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe adé ọba. Àwọn abiyamọ wà lára àwọn òpó náà, àwọn agẹṣinjagun sì wà níbẹ̀. Ẹṣin kéré, ẹni tó gùn ún tóbi. Bí ọmọ ìṣáná bíi tèmi bá kọ́kọ́ wò ó, yóò ní alàgbà náà kò mọ ìwọ̀n. Àmọ́ ìjánu wà níbi tó yẹ kó wà, okùn rẹ̀ sì dé ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Ipò ènìyàn ni wọ́n fi ń wọn ara rẹ̀ nínú igi. Ohun èlò, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ.

Ẹ wo Ọlọ́wẹ̀ náà. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n bí i sí, Ìsẹ̀ ló gbé títí ó fi kú ní 1938. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ọ̀gógà ti Ìkẹ́rẹ́, èyí tó fi hàn bí Ọ̀gógà ṣe gba Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lálejò. Ọba jókòó sórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Òyìnbó ńkọ́? Wọ́n gbé e wá ni, bí ìgbà tí a gbé aláìsàn, àwọn aláàárù rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Èmi ò rò pé ìjọba amúnisìn yóò kọ ọ́ báyẹn sínú ìwé tirẹ̀. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ní Wembley ní 1924. Nígbà tí British Museum fẹ́ ẹ, Ọ̀gógà kò gba owó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ní London ló wà títí dòní.

October ọdún yẹn kan náà ni mọ́tò tó kó kòkó bàbá mi àti ti àwọn ẹlòmíràn yẹ̀ sí kòtò lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, níbi tí títì ti ń dà sísàlẹ̀ lọ sí ìhà Ìjẹ̀ṣà. Kò dojú dé, ó kàn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ni. Òjò ti pa ilẹ̀. Wọ́n mú mọ́tò mìíràn wá, wọ́n so okùn mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Mo wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Mo rí i pé wọn kò gbẹ́ ilẹ̀ fún táyà rẹ̀, wọn kò fi igi tàbí òkúta kankan dá a dúró. Ẹnu mi ń yún mi. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ń pariwo, àwọn àgbà ń pàṣẹ, ta ni èmi? Mọ́tò tó ń fà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, àfi gbàà, àwọn méjèèjì wọ gẹ̀gẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò kú, a dúpẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni òjò fi rọ̀ sórí kòkó, ó bu, kò sì sẹ́ni tó rà á. Ọdún kan gbáko ni mo jókòó sílé kí n tó wọ iléèwé girama.

Ní alẹ́ tí a dé láti orí òkè, Bàbá bi mí bí mo bá sọ fún wọn nípa ìdákọ̀ró. Mo ní rárá. Bàbá kò bá mi wí. Wọ́n ní kí n gbé ọkọ̀ mi wá, wọ́n gún abẹ rẹ̀ wọ ilẹ̀ àgbàlá, wọ́n so okùn rẹ̀ mọ́ odó ìyá mi, wọ́n sì ní kí n máa ká a.