Ìlu, Agolo àti Fìtílà: Ìtàn Ihò Kékeré Kan

 Bí a bá ń sọ ìtàn ìlú wa, ọ̀rọ̀ ọba, oyè àti ogun ni a sábà máa ń sọ. Lọ́dún yìí, ihò kékeré tí a fi ìlu dá sí ìdérí agolo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Àtùpà amọ̀ ni àwọn baba ńlá wa ń lò. Wọn a bu epo pupa tàbí àdí sínú rẹ̀, wọn a ti òwú bọ̀ ọ́, wọn a sì tanná sí i. Epo wọ̀nyí ki, wọn kì í sì í yára gbiná. Àtùpà náà kò nílò ìdérí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ọ̀nà ìṣòwò sì ṣí gbayawu. Ọjà òyìnbó túbọ̀ ń gba ojú ọ̀sà wọlé, láti ìhà Mákùn-Omi àti àwọn etí omi mìíràn. Bí àkókò ti ń lọ, epo òyìnbó àti ọjà inú agolo di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Epo òyìnbó fúyẹ́, ó sì ń yára gbiná. Kò ṣe é bu sínú àwo tí ó ṣí sílẹ̀. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe sọ agolo mílíìkì di fìtílà. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a ti gba orúkọ yìí, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni àwọn náà ti gbà á.

Ihò méjì ni fìtílà agolo ń fẹ́: ihò ńlá fún òwú, ihò kékeré fún atẹ́gùn. Bí a bá kàn kan ìṣó mọ́ agolo tí kò sí ohun kan lábẹ́ rẹ̀, yóò rún, etí ihò yóò sì ya. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe yóò gbé páànù lé orí igi, yóò máa lu ìlu díẹ̀díẹ̀, yóò sì fi fáìlì rẹ́ etí ihò kí ó má ba à gé òwú.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ilé-ìwé, mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ọ̀kan. Mo dá ihò òwú, ṣùgbọ́n n kò dá ti atẹ́gùn. Mo rò pé bí agolo bá dé pinpin, kò ní léwu. Ní alẹ́ ọjọ́ náà agolo gbóná, oru epo inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, ó sì ti epo gba ojú òwú. Iná ru sókè, ó jó àbúrò mi obìnrin lọ́wọ́. Àpá náà wà níbẹ̀ di òní. Ìyá mi kò nà mí. Ó mú mi lọ bá bàbá kan tí ń ṣe fìtílà. Bàbá náà yẹ ìdérí wò, ó ní: "Ọmọ mi, ihò tí o kò dá ni ó jó o."

Ní 1815, Humphry Davy ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àwọ̀n irin olójú wẹ́wẹ́ yí iná fìtílà àwọn awakùsà èédú ká. Irin náà ń gba ooru, kí iná má ba à la ihò kọjá lọ ran afẹ́fẹ́ búburú inú kòtò. Ọ̀mọ̀wé ni Davy. Bàbá tiwa kò kàwé. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ihò ni ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nínú fìtílà.

Nígbà tí mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa fìtílà agolo, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Mo bẹ ẹgbẹ́ wa: ẹ jẹ́ kí a wá fìtílà, ìlu àti orúkọ àwọn tí ó ṣe é, kí a sì kọ wọ́n sílẹ̀. Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ní 1982 kò jìnnà sí wa. Àwọn onímọ̀ ìtàn ibẹ̀ lè ràn wá lọ́wọ́. Àwọn àgbà tí ó mọ iṣẹ́ náà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí iná ilé wa má ṣe kú.