Láti Dùgbẹ̀ dé Ẹlẹ́yẹlé: ìtàn Fọ́rẹ́sìrì Jẹ́ríkò

Bí ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ ológeere kúrò ní ibùdókọ̀ ojú irin Dùgbẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi kọjá ààlà kan. Kò sí odi níbẹ̀, kò sí oníbodè. Ariwo ọkọ̀ á kàn rọlẹ̀, òjìji igi á bo títì. Ẹ ti dé Jẹ́ríkò nìyẹn.

Rélùwéè wọ Ìbàdàn ní 1901. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òyìnbó aṣèjọba wá tẹ́ ilé tiwọn sí apá ibí yìí, wọ́n jìnnà sí ìgboro Mápó àti Ọjà'ba. Wọ́n ní ibà ni àwọn ń sá fún, àfi bí ẹni pé ẹ̀fọn ń béèrè ọ̀nà kó tó wọlé.

Iṣẹ́ igbó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé Jẹ́ríkò. Ní 1899 ni wọ́n ti pààlà sí igbó Olókemèjì, lẹ́bàá ojú irin tó ti Abẹ́òkúta wá. Ibẹ̀ ni wọ́n gbin tíìkì sí ní 1902. Ọdún kejì ni H. N. Thompson, tó ti ṣiṣẹ́ igbó ní Bọ́mà, dé láti wá ṣe olórí. Inú àwọn baba wa kò dùn: igi oko ẹni, wọ́n ní kí ènìyàn máa gbàwé àṣẹ kó tó gé e.

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aṣọ́gbó dé Ìbàdàn ní 1941. Ọdún kejì ni R. W. J. Keay, onímọ̀ ewéko, dé. Òun ló dá ilé ìkóewépamọ́ sílẹ̀. Wọ́n á gé ẹ̀ka tó ní òdòdó tàbí èso, wọ́n á tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, wọ́n á fi pákó há a títí tó fi máa gbẹ. Wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, wọ́n á kọ ibi tí wọ́n ti já a, ọjọ́ rẹ̀, ẹni tó já a, àti orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Orúkọ yẹn ni èmi fẹ́ràn jù. Látìn lè máa jẹ́ Triplochiton scleroxylon, ṣùgbọ́n ọdẹ tàbí agégi tó mú àlejò dé ìdí igi náà ló sọ fún un pé arère ni. Irú páálí bẹ́ẹ̀ lé ní 100,000 ní Jẹ́ríkò, FHI (Forest Herbarium Ibadan) sì ni àwọn onímọ̀ káàkiri ayé fi ń dá wọn mọ̀. Keay àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Onochie àti Stanfield, ló kọ ìwé Nigerian Trees. Apá kìíní jáde ní 1960, èkejì ní 1964.

Ní 1954 ni ìjọba àpapọ̀ dá ẹ̀ka ìwádìí igbó sílẹ̀ níbí, èyí tó wá di FRIN (Forestry Research Institute of Nigeria) láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ó pé 70 ọdún ní 2024. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní FRIN létí ọlọ́kadà o. Fọ́rẹ́sìrì ni kí ẹ wí.

Arère ló fún wọn níṣẹ́ ṣe jù lójú tèmi. Kì í so lọ́dọọdún, èso rẹ̀ kì í pẹ́ kú, kòkòrò sì ń bà á jẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ Jẹ́ríkò àti ẹlẹgbẹ́ wọn láti Bìrìtéènì rí i ṣe: wọ́n ń gé ẹ̀ka rẹ̀ tútù, wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀ bí ẹni gbin ẹ̀gẹ́, ó sì ń ta gbòǹgbò.

Láti Fọ́rẹ́sìrì ó di Ìdí-Ìṣin, ó di Ẹlẹ́yẹlé, adágún tí wọ́n dí odò Ọ̀nà dá ní 1942. Ẹlẹ́yẹlé ni yunifásítì Ìbàdàn wa ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104, nínú ilé ìwòsàn tí àwọn ológun fi sílẹ̀. Ilé ti ń sún mọ́ omi báyìí. Nígbà ìkún-omi oṣù kẹjọ 2011, omi náà sì sún mọ́ ilé.

Mo jókòó díẹ̀, mo wo apẹja tó ń na àwọ̀n. Mo yí kẹ̀kẹ́ padà. Òkè ni títí dé Fọ́rẹ́sìrì.