Ariwo ṣéènì nínú ẹ́ńjìnnì: ohun tó yẹ kí onímọ́tò mọ̀ kí wọ́n tó tú u

Ariwo kan wà tí àwọn awakọ̀ tó ń ti Ajara ná Mile 2 mọ̀ dáadáa: ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, bí wọ́n bá ṣe sítáàtì ọkọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á dákẹ́. Awakọ̀ á ní ó ti tán. Kò tíì tán o.

Timing chain ni ṣéènì irin tó so ọ̀pá kíránkì, èyí tí àwọn písítìnì ń yí, mọ́ ọ̀pá kámù tó ń ṣí fáàfù. Jíà eléyín tí ṣéènì náà kọ́ ni sprocket. Eyín ti kámù jẹ́ ìlọ́po méjì ti kíránkì, torí náà kíránkì á yí lẹ́ẹ̀mejì kí kámù tó yí lẹ́ẹ̀kan. Tí ṣéènì bá fo eyín kan péré, fáàfù á máa ṣí lásìkò tí kò yẹ: ọkọ̀ á máa gbọ̀n, kò ní lágbára mọ́, iná check engine á sì tàn. Tó bá wá já, písítìnì á lu fáàfù nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, á tẹ̀ ẹ́. Owó ṣéènì ti di owó ẹ́ńjìnnì nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní in. Camry Big Daddy (2002 sí 2006) oní-písítìnì mẹ́rin ń lo ṣéènì, ṣùgbọ́n Big Daddy V6 ń lo bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì náà ló wà nínú Sienna títí dé 2006. Ti 2007 ló bẹ̀rẹ̀ ṣéènì. Bẹ́líìtì ní iye kìlómítà tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Ṣéènì kò ní, ọ́ìlì ló ń tọ́jú ẹ̀mí rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ti dì bí ọ̀dà, píìnì tó so ṣéènì pọ̀ á máa jẹ, ṣéènì á gùn. Tensioner tó yẹ kó fà á le náà ń lo agbára ọ́ìlì. Ìdí nìyẹn tí ariwo fi ń pọ̀ láàárọ̀, nígbà tí ọ́ìlì kò tíì gòkè. Wákàtí tí ọkọ̀ fi dúró nínú gosílóò pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì títàn kò sì sí nínú iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Kí ẹ tó gbà kí wọ́n tú u, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi scanner yẹ̀ ẹ́ wò. P0016 túmọ̀ sí pé kíránkì àti kámù kò bára mu. Ó lè jẹ́ ṣéènì, ó sì lè jẹ́ sensor lásán.

Tó bá jẹ́ ṣéènì lóòótọ́, ẹ má ra ṣéènì nìkan. Sprocket tó ti jẹ á ba ṣéènì tuntun jẹ́. Ẹ ra ṣéènì, sprocket, tensioner àti àwọn guide pọ̀. Àwọn kan á ní ẹ́ńjìnnì Belgium ló yá jù, ṣùgbọ́n ṣéènì ti inú ìyẹn náà, ta ló mọ ọjọ́ orí rẹ̀?

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni àmì. Mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ gbé písítìnì kìíní sókè pátápátá, kó to àmì kíránkì àti ti kámù, kó sì fi àwọn ìsopọ̀ ṣéènì tí wọ́n kùn láwọ̀ ọ̀tọ̀ sí ojú àmì wọn. Tó bá ti tú tensioner tán, kò gbọ́dọ̀ yí ẹ́ńjìnnì rárá. Kó tó pa iwájú dé, kó fi sípánà yí kíránkì lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ ni o, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Tó bá há, kó dúró, kó má fipá yí i. Àmì ara jíà gbọ́dọ̀ padà bára mu. Ìsopọ̀ aláwọ̀ yẹn kò ní padà síbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe, ọ̀pọ̀ sì ti torí rẹ̀ tú iṣẹ́ tó dára palẹ̀.

Wọ́n á fọ sump, wọ́n á pààrọ̀ ọ́ìlì àti filter. Ariwo lè wà díẹ̀ ní sítáàtì àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá ọ́ìlì ń jò láti ìdérí iwájú.