Ipa Tí Àwọn Ẹ̀gbá Kó Nínú Ìjà Oyè Èkó, 1845–1861, àti Àtubọ̀tán Rẹ̀ fún Abẹ́òkúta

Ìfáárà

Ojú méjì ni àwọn òpìtàn sábà fi ń wo bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba Èkó. Àwọn kan gbà pé ìfẹ́ láti pa òwò ẹrú rẹ́ ni ó gbé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ọ̀sà ní ọdún 1851. Àwọn mìíràn, tí J. F. Adé Àjàyí jẹ́ aṣáájú wọn nínú àpilẹ̀kọ tí ó gbé jáde ní ọdún 1961, fèsì pé òwò àti agbára lórí ọjà ni ó jẹ Gẹ̀ẹ́sì lógún ju àánú lọ. Òtítọ́ wà nínú èrò méjèèjì, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni àwọn méjèèjì dúró sí wòran, èyí ni etí òkun.

Òkè odò, láti Abẹ́òkúta, ni àpilẹ̀kọ yìí ti wo ọ̀rọ̀ náà. Ohun mẹ́ta ni ó fẹ́ fi hàn. Èkíní ni pé ìjà oyè tí ó bẹ́ sílẹ̀ nínú ìdílé ọba kan ṣoṣo ní erékùṣù Èkó kò lè parí sí orí erékùṣù náà. Èkejì ni pé ìpinnu tí àwọn olóyè Ẹ̀gbá ṣe ní ọdún 1845 wà lára ohun tí ó sọ bí ìjà náà yóò ṣe parí. Ẹ̀kẹta ni pé ohun tí àwọn Ẹ̀gbá ń wá nínú ọ̀ràn náà, èyí tí í ṣe ọ̀nà tí ó là dé òkun, ni ohun náà gan-an tí àṣẹ lórí rẹ̀ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn.

Erékùṣù àti Odò

Ìlú tí omi yí ká ni Èkó. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ Ọlọ́fin tí ó tẹ̀dó sí Ìddó, ó sì so ìdílé ọba tí ó gúnwà ní Ìgá Ìdúngànràn mọ́ Àṣípa àti ààfin Ìbíní, níbi tí àwọn ọba Èkó ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, agbára pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn Ìdẹ́jọ, olóyè onífìlà funfun, ni wọ́n ni ilẹ̀. Ọba ni ó ni àṣẹ ìlú àti owó ibodè. Kì í ṣe orí oko ni ìjọba Èkó dúró lé bí kò ṣe orí omi. Oúnjẹ àti ọjà tí ó ń kọjá ní èbúté rẹ̀ ń ti òkè wá, pàápàá jù lọ láti ojú Odò Ògùn tí ó ṣàn kọjá Abẹ́òkúta kí ó tó bọ́ sínú ọ̀sà.

Abẹ́òkúta, tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó ní ọdún 1830 lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, ní òdì-kejì ìṣòro yìí. Ó ní ilẹ̀, ó ní epo, ó sì ní ènìyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní etí òkun. Ìbọn àti ẹ̀tù tí ó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ ní láti gba ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá. Ọ̀nà odò gba Èkó. Ọ̀nà ẹsẹ̀ gba Àdó lọ sí Àgbádárìgì. Nítorí ọ̀nà kejì yìí ni àwọn Ẹ̀gbá ṣe dó ti Àdó fún ọdún pípẹ́. Ohun tí ìlú kan ní ni èkejì ń wá. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jọba ní Èkó kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì mọ́ ní Abẹ́òkúta.

Ìjà Oyè ní Ìdílé Ológun Kutere

Àwọn ọmọ Ọba Ológun Kutere ni orísun ìjà náà. Àdèlé ni ó kọ́kọ́ jẹ nínú wọn. Arákùnrin rẹ̀, Ọ̀ṣínlòkun, lé e kúrò lórí oyè, Àdèlé sì sá lọ sí Àgbádárìgì. Lẹ́yìn Ọ̀ṣínlòkun ni ọmọ rẹ̀, Ìdèwù Òjúlarí, jọba, ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ ọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Àdèlé padà, kò sì pẹ́ lórí oyè tí ó fi wàjà ní ọdún 1837. Olúwọlé, ọmọ rẹ̀, ni ó rọ́pò rẹ̀, títí di ọdún 1841 tí àrá sán lu ẹ̀tù tí ó wà ní ààfin tí ọba sì bá a lọ. Nígbà náà ni àwọn afọbajẹ mú Akíntóyè, àbúrò Àdèlé àti Ọ̀ṣínlòkun.

Ní gbogbo àsìkò yìí ni Kòsọ́kọ́, ọmọ Ọ̀ṣínlòkun, ń fojú sí oyè. Ọ̀tá rẹ̀ tí ó burú jù ni Elétù Òdìbò, olórí àwọn afọbajẹ, ìjà àwọn méjèèjì ni ó sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò nílùú títí dé Wídà. Akíntóyè fẹ́ kí ẹbí rẹ́. Ó pe Kòsọ́kọ́ padà láìka ìkìlọ̀ àwọn olóyè sí, ó sì fi í jẹ Ọlọ́jà Ẹrẹ́kọ. Inú bí Elétù Òdìbò, ó kó lọ sí Àgbádárìgì. Nígbà tí ọba tún pe òun náà padà ní ọdún 1845, Kòsọ́kọ́ dìde ogun. Ogun Olómìró, tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà, gba oyè lọ́wọ́ Akíntóyè, ó sì gba ẹ̀mí Elétù Òdìbò.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí bí ìtàn yìí ṣe ń tún ara rẹ̀ sọ. Erékùṣù kéré jù fún ẹni méjì tí ń du adé kan. Ẹni tí ó bá pàdánù ní láti wọ ọkọ̀ kọjá omi, ìlú tí ó bá sì sá lọ di alábàápín nínú ìjà náà, bí ó fẹ́ bí ó kọ̀. Àgbádárìgì àti Wídà ti rí irú àlejò bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 1845, ó kan Abẹ́òkúta.

Ìpinnu Ọdún 1845

Akíntóyè gba Àgbóyì sá gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí ìtàn sọ pé ó ní ẹbí ní ìhà Òwu láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Kòsọ́kọ́ ránṣẹ́ tẹ̀ lé e, ó ní kí àwọn Ẹ̀gbá fi orí Akíntóyè ránṣẹ́ sí òun. Wọ́n kọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n fi àwọn ọmọ ogun sin ọba tí a lé náà dé Àgbádárìgì.

Àwọn kan a máa ka ìpinnu yìí sí iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, Townsend ti bẹ Abẹ́òkúta wò ní ọdún 1843, ṣùgbọ́n ọdún 1846 ni òun àti Crowther tó wá fi ìlú náà ṣe ibùjókòó. Àwọn olóyè Ẹ̀gbá fúnra wọn ni wọ́n gbìmọ̀ pọ̀. Ṣódẹkẹ́ ti kú, kò sì sí Aláké. Ọwọ́ àwọn Ògbóni, àwọn olórí ogun àti àwọn Pàràkòyí ní oríṣiríṣi ìlú Ẹ̀gbá ni àṣẹ wà. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, kò sí ẹnì kan tí ó lè dá fi àlejò lé ọ̀tá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìdí mẹ́ta ni a lè tọ́ka sí. Àkọ́kọ́ ni pé asásálà ni ó tẹ Abẹ́òkúta dó. Ìlú tí ó bá fi orí asásálà ránṣẹ́ ti ba ìpìlẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́. Èkejì ni ọ̀rọ̀ àwọn Sàró, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí ń ti Freetown bọ̀ wálé láti bí ọdún 1839. Wọ́n ti ja àwọn kan nínú wọn lólè nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó, èyí sì ti mú kí Àgbádárìgì wù wọ́n ju Èkó lọ. Ẹ̀kẹta, tí ó sì wúwo jù, ni pé àwọn Ẹ̀gbá nílò ọba tí yóò jẹ wọ́n ní gbèsè oore ní Èkó. Ohun tí a kò rí nínú àwọn ìdí wọ̀nyí ni ìkórìíra òwò ẹrú. Àwọn Ẹ̀gbá náà ń ta ẹni tí wọ́n bá kó lógun, òwò ẹrú sì ń lọ ní Èkó nígbà tí Akíntóyè fúnra rẹ̀ wà lórí oyè láti 1841 sí 1845.

Láti Àgbádárìgì Dé Ogun Ahóyaya

Ní Àgbádárìgì ni ọ̀rọ̀ náà ti yí ọwọ́ padà. Akíntóyè bá àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì pàdé níbẹ̀, ó sì kọ́ èdè tí wọ́n fẹ́ gbọ́: bí wọ́n bá dá òun padà sórí oyè, òun yóò pa òwò ẹrú rẹ́. Àwọn Ẹ̀gbá náà ń sọ tiwọn. Ní ọdún 1848, Ṣàgbùà àti àwọn olóyè fi ìwé rán Townsend sí Ọbabìnrin Victoria, wọ́n ní kí ó bá wọn là ọ̀nà dé òkun. Ní ọdún 1849, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan John Beecroft ṣe aṣojú rẹ̀ ní etí òkun wọ̀nyí. Beecroft dé Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1851. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹta, àwọn ọmọ ogun Gezo, ọba Dàhòmì, kọlu odi Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ìṣẹ́gun yìí sọ Abẹ́òkúta di orúkọ ńlá ní London, níbi tí Crowther ti fojú kan Palmerston ní ọdún náà, tí ó sì rọ̀ ọ́ pé kí wọ́n dá Akíntóyè padà.

Ìkọlù àkọ́kọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí Èkó ní ọjọ́ 25, oṣù kọkànlá, kò kẹ́sẹ járí. Èkejì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26, oṣù kejìlá. Òun ni àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Ahóyaya. Kòsọ́kọ́ sá, Akíntóyè sì padà sórí oyè. Ní ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 1852, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì láti fòpin sí òwò ẹrú àti láti dáàbò bo àwọn míṣọ́nnárì. Ọba tí ó yẹ kí ó jẹ Ẹ̀gbá ní gbèsè oore ti wá jẹ ẹlòmíràn ní gbèsè tí ó tóbi ju ti Ẹ̀gbá lọ.

Adé Lábẹ́ Aṣojú, 1852–1861

Akíntóyè wàjà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1853. Kíá ni Benjamin Campbell, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ọwọ́ sí yíyàn Dòsùmú ọmọ rẹ̀. Kòsọ́kọ́ wà ní Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú Ọ̀ṣọ́díi Tápà, balógun rẹ̀. Ní ọdún 1854 Campbell bá a ṣe àdéhùn tí ó jẹ́ kí ó máa ṣòwò níbẹ̀. Aṣojú ni ó ń sọ ẹni tí yóò gbé ìlú àti ẹni tí kò ní gbé e. Ẹni tí èyí hàn sí jù ni Ẹfúnróyè Tinúubú, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ti jẹ́ aya Àdèlé rí, tí ó sì di oníṣòwò alágbára ní Èkó. Ní ọdún 1856 ni wọ́n lé e kúrò nílùú nítorí pé ó ta ko Campbell àti àwọn oníṣòwò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Abẹ́òkúta ni òun náà sá lọ, ó sì di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní ọdún 1864.

Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, ọdún 1861, lójú ọkọ̀ ogun *Prometheus*, Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tí ó gbé Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ lọ́dún ni wọ́n fi ṣe ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Àwọn Ìdẹ́jọ kígbe pé ọba kò ní ilẹ̀ tí ó lè fi tọrẹ. Ó di ọdún 1921, nínú ẹjọ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, kí ilé ẹjọ́ gíga jù ní London tó gbà pé ìwé 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín.

Ta Ni Ó Ni Ọ̀nà?

Àwọn Ẹ̀gbá tètè rí ewu náà. Wọ́n kọ̀ láti gba aṣojú tí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fi sí àárín wọn, wọ́n sì ń ti ọ̀nà nígbà tí ó bá wù wọ́n, nítorí ohun ìjà tí ó kù lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Nígbà tí wọ́n dó ti Ìkòròdú, Glover rán ọmọ ogun sí wọn, ó sì tú ibùdó wọn ká ní oṣù kẹta ọdún 1865. Nígbà tí ó fi ọlọ́pàá sí ojú ọ̀nà ní òkè ọ̀sà, ìbínú ìlú ru: ní oṣù kẹwàá ọdún 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀. Wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ lé wọn lọ sí Ẹ̀búté-Mẹ́tta, níbi tí Àgó Ẹ̀gbá wà.

Àdéhùn ọjọ́ 18, oṣù kìíní, ọdún 1893 ni ó fi ibi tí ọ̀rọ̀ dé hàn. Gómìnà Carter gbà nínú rẹ̀ pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá wà lómìnira, àti pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní gbà á níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá pa àdéhùn mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn Ẹ̀gbá gbà pẹ̀lú pé àwọn kò ní ti ọ̀nà kankan láìjẹ́ pé gómìnà Èkó fọwọ́ sí i. Ohun ìjà àtijọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1898, nígbà Aláké Gbádébọ̀ Kìíní, fi ogún ọdún ó dín mẹ́rin dúró lórí òmìnira yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914 ni rògbòdìyàn Ìjẹmọ̀ ṣẹlẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun ìjọba yìnbọn pa ènìyàn púpọ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, òmìnira náà dópin.

Ìgúnlẹ̀

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Òwe yìí ni wọ́n sábà fi ń dá ẹ̀bi ìjàǹbá 1851 lé ìdílé ọba Èkó lórí. Òtítọ́ ni pé ògiri lanu, ṣùgbọ́n kì í ṣe ará ilé nìkan ni ó wà nídìí ògiri náà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìpinnu 1845 kò bọ́gbọ́n mu: ó dáàbò bo àlejò, ó sì wá ọ̀nà fún ìlú tí ọ̀tá yí ká. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ọdún 1848 sí 1851, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá ní kí ẹni kẹta wá là ọ̀nà tí àwọn fúnra wọn kò lè là. Ẹni tí ó là ọ̀nà ni ó dúró sí ẹnu rẹ̀. Nítorí náà, a kò lè kọ ìtàn àwọn ọba erékùṣù Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún láìwo òkè odò, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè ṣàlàyé òpin òmìnira Ẹ̀gbá ní ọdún 1914 láìpadà sí alẹ́ tí ọba kan wọ ọkọ̀ gba Àgbóyì kọjá ní ọdún 1845.