Ẹ̀KỌ́ ÌRỌ̀LẸ́ FÚN ABIYAMỌ TÓ Ń TỌ́JÚ ALÁÌSÀN: ÌTÀN RẸ̀ LÁTI ÌGBÀ ÀNÁBÌ TÍTÍ DI ÀKÓKÒ WA

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n sọ ìtàn bí abiyamọ ṣe lè máa kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú aláìsàn lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni mí, ìyá ọmọ mẹ́ta ni mí, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ni mo sì fi gba digirí. Ohun tí mo kà àti ohun tí ojú mi rí ni n ó pa pọ̀.

Ìbéèrè méjì làwọn èèyàn máa ń bi mí. Èkíní: ṣé ẹ̀sìn gbà kí ìyá ọmọ wẹ́wẹ́ jáde lọ kàwé nígbà tí oòrùn ń wọ̀? Èkejì: kí ló dé tí kò lè ní sùúrù kí àwọn ọmọ dàgbà ná? Ìtàn ni n ó fi dáhùn.

1. NÍ ÌGBÀ ÀNÁBÌ

Nínú hadíísì tí Imam Bukhari kó jọ, a rí i pé àwọn obìnrin lọ bá Ànábì pé àwọn ọkùnrin ti gba gbogbo àkókò rẹ̀, kí ó yan ọjọ́ kan fún àwọn náà. Ó gbà, ó yan ọjọ́, ó sì kọ́ wọn. Inú ìwé yẹn náà la ti rí i pé ó ní kí àwọn ọkùnrin yọ̀ǹda fún obìnrin tó bá tọrọ àyè láti lọ sí mọ́sáláṣí lóru. Bí ó bá sì ń kírun tí ó gbọ́ igbe ọmọ, ńṣe ló máa ń dín ìrun náà kù kí ọkàn ìyá ọmọ má baà dàrú. Ẹ wò ó dáadáa: ọmọ ọwọ́ wà ní mọ́sáláṣí, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ànábì kò lé ìyá ọmọ sílé. Ìrun ló dín kù.

Ní ti ìtọ́jú aláìsàn, orúkọ tí a kọ́kọ́ máa ń dá ni ti Rufaida, obìnrin ẹ̀yà Aslam. Ní Ogun Yàrà, ọdún karùn-ún Hijira, èyí tí í ṣe ọdún 627, ọfà ba Sa‘d ọmọ Mu‘adh. Ànábì ní kí wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ Rufaida nínú mọ́sáláṣí Mẹ̀dínà, kí òun lè máa bẹ̀ ẹ́ wò nítòsí. Umm Atiyya sọ pé òun bá Ànábì lọ sí ogun méje. Òun ń dáná, òun ń di ọgbẹ́, òun ń tọ́jú aláìsàn. Shifa, ọmọ Abdullah, mọ ìwé í kọ, ó sì kọ́ Hafsa, ìyàwó Ànábì. Ànábì wá rọ̀ ọ́ pé kó kọ́ Hafsa ní àdúrà ìwòsàn egbò ara bí ó ṣe kọ́ ọ ní ìwé kíkọ. Ìwé àti ìwòsàn, ọwọ́ obìnrin kan náà ni méjèèjì ti jáde.

2. NÍ SÓKÓTÓ

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́lé díẹ̀. Nana Asma'u, ọmọ Sheu Usman ọmọ Fodio, ni wọ́n bí ní ọdún 1793. Ó kú ní 1864. Èdè Lárúbáwá, Fúlàní àti Gàm̀bàrí ló fi ń kọ̀wé, abiyamọ sì ni. Òun ló dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní 'Yan Taru sílẹ̀. Ètò rẹ̀ ló wù mí kí ẹ gbọ́. Ó mọ̀ pé ìyá ọmọ wẹ́wẹ́ kò lè rin ìrìn ọjọ́ púpọ̀ wá sí Sókótó. Kí ló wá ṣe? Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ti dẹ́kun ọmọ bíbí àti àwọn ọmọdébìnrin ló ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Jaji, ìyẹn obìnrin tó jẹ́ aṣáájú wọn, ló ń kó wọn wá, akẹtẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní malfa lórí rẹ̀. Bí jaji bá padà délé, ó ń kọ́ àwọn abiyamọ tó wà nílé ní ohun tí òun gbọ́.

Ṣé ẹ rí i? Kò sọ fún abiyamọ pé kó dúró di ìgbà tí ọmọ bá tó ọkọ fẹ́. Ẹ̀kọ́ ló gbé tọ̀ ọ́ lọ.

3. BÍ IṢẸ́ NỌ́Ọ̀SÌ ṢE DI TI YUNIFÁSÍTÌ

Florence Nightingale dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ọsibítù St Thomas', Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1860. Ọmọge tó ń gbé inú ọgbà ọsibítù ni wọ́n ní lọ́kàn. Fún ìgbà pípẹ́, nọ́ọ̀sì tó bá relé ọkọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Àṣà yìí bá wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni kì í gba akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lóyún.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1946, Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Èkó, wọ ilé ẹ̀kọ́ St Thomas' yìí gan-an. Ó ti ṣe olùkọ́, ó sì ti wà nílé ọkọ kó tó lọ. Lẹ́yìn òmìnira, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì ní ọsibítù UCH, Ìbàdàn. Ní 1965, Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, àwọn tó ti gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan kì í sábà jẹ́ ọmọge mọ́. Á ti lọ́kọ, á ti lọ́mọ. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí ó bá fi ilé àti iṣẹ́ sílẹ̀ lọ kàwé lójúmọmọ, ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ?

Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀nà ń là. Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ẹni tó ń gbé ilé kàwé ní 1974. Ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì tó wà fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun ti í pa ní 1984, a tún ṣí i ní 2002, ó sì gba àwọn nọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ṣí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ àti ti òpin ọ̀sẹ̀.

4. BÍ MO ṢE YAN TÈMI

Ọdún 2008 ni mo bẹ̀rẹ̀. Àkọ́bí mi jẹ́ ọmọ ọdún méje, èkejì mẹ́rin, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmú ni. Sura Baqara, áyà 233, ni èmi àti ọkọ mi jókòó tì. Áyà náà sọ nípa ọdún méjì ọmú, ó ní kí bàbá máa gbọ́ bùkátà, kí a má fi ọmọ ni ìyá lára, bẹ́ẹ̀ ni kí a má fi ni bàbá lára. Kí gbígba ọmú jẹ́ àjọsọ àti àjọgbà. A ní bí Ọlọ́hun bá ní kí tọkọtaya fikùnlukùn lórí ọmú, á dára kí a fikùnlukùn lórí ìwé.

Bí mo bá lọ kàwé lójúmọmọ, ó yá kíá, ṣùgbọ́n owó oṣù mi á dúró. Ti ìrọ̀lẹ́, ọdún á gùn, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò ní wọ́n nílé. Ti ìrọ̀lẹ́ ni mo mú. Mo ń ṣiṣẹ́ àárọ̀, mo ń kí Alásárì, mo ń wọ ọkọ̀ lọ sí kíláàsì. Bí àsìkò Màgàríbì bá tó, àwa díẹ̀ á tẹ́ aṣọ sí ẹ̀yìn kíláàsì. Ẹ̀kọ́ inú ìwé ṣe é ṣe lálẹ́; ti ẹ̀bá ibùsùn aláìsàn, bí wọ́n bá ṣe pín in ni. Ìsinmi ọdọọdún mi ni mo ń fi dí i. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe é. Ìyá ọkọ mi ló ń bá mi wo àwọn ọmọ, Ọlọ́hun á san án fún wọn. Ọkọ mi kọ́ ẹ̀bà í tẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín: ó ní ohun tó gbà lọ́wọ́ mi. Àwọn alẹ́ kan wà tí mo délé tí ọmọ ti sùn, tí n kò gbọ́ ohun tó ṣe nílé ìwé lọ́jọ́ náà. Alẹ́ wọ̀nyẹn kò padà wá mọ́.

5. ÌMỌ̀RÀN

Ìbéèrè kejì ló kù: kí ló dé tí a kò dúró? Ìdí ni pé ìrọbí kì í dúró. Lójoojúmọ́ ni obìnrin ń rọbí, àwa ọkọ àti aya Mùsùlùmí la sì ń sọ pé obìnrin ni a fẹ́ kó gbẹ̀bí ìyàwó wa. Ibo ni obìnrin náà yóò ti wá, bí gbogbo abiyamọ bá jókòó sílé di àádọ́ta ọdún?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọkọ, ẹ máa bá ìyàwó yín fikùnlukùn, kí ẹ sì pín iṣẹ́ ilé. Ẹ̀yin alásálátù, ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ ní mọ́sáláṣí tí a ó ti máa bá àwọn tó ń kàwé wo ọmọ títí di Iṣáì. Ẹ̀yin ọmọ mi akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wádìí dáadáa kí ẹ tó sanwó: ṣé àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà? Ìgbà wo ni wọ́n ń ṣe ti ọsibítù? Ta ni yóò wo ọmọ? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó fi orúkọ Ọlọ́hun bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní, kí Ó dá àwọn ọmọ wa sí, kí Ó má jẹ́ kí aboyún wa bá ìkúnlẹ̀ lọ. Àmín.