Bí Ọ̀dà Mọ́tò Ṣe Ń Padà Dán

Ní ọdún 1923, ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀dà Duco jáde. Ọ̀dà àtijọ́ máa ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó gbẹ. Ní ti Duco, wákàtí díẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n kò ní dán dáadáa àfi kí wọ́n ra ojú rẹ̀.

Ọgbọ́n ríra yẹn náà ni àwọn tó ń kun mọ́tò ní Mọ́níyà àti Ẹgbẹ́dá ní Nàìjíríà ń lò: sáńpépà, omi, kọ́ńpáùn (ìpara tí wọ́n fi ń ra ọ̀dà kó lè dán) àti àkísà. 

Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, mọ́tò àlòkù láti òkè òkun, tí à ń pè ní tòkunbọ̀, gbòde. Púpọ̀ nínú wọn ní ìpele ọ̀dà aláìláwọ̀ lórí àwọ̀ gangan, ìpele tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Ibí ni ẹ̀rọ ayípo tí wọ́n fi ń ra ọ̀dà ti ń béèrè sùúrù. Ìyípo bíi 600 ní ìṣẹ́jú kan tó láti tẹ́ kọ́ńpáùn. 1000 sí 1500 ló ń ṣiṣẹ́. Pádì onírun àgùntàn ń gé ìlà tó jinlẹ̀ díẹ̀ kúrò lójú ọ̀dà, fọ́ọ̀mù rírọ̀ ló sì ń parí rẹ̀. Bí eré bá kọjá 2000, ooru lè jó ọ̀dà, pàápàá létí ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì.