Máàkì 210: Ọjọ́ Kan Nínú Ìgbáradì JAMB

Agogo 5 ìdájí. Ọmọbìnrin kan ní Agbowó, n'Ìbàdàn, ń bá ìyá rẹ̀ di ata lọ sí ọjà Bódìjà. Iṣẹ́ dókítà ló wù ú. Ó ti ṣe JAMB rí, máàkì rẹ̀ kò tó.

Agogo 9. Ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ dán òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà bí JAMB ṣe ń ṣe é: ìbéèrè 180, wákàtí 2. Gẹ̀ẹ́sì ní 60. Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì ní 40-40. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Agogo 11. Èsì rẹ̀ jáde: Bàọ́lọ́jì 70, Gẹ̀ẹ́sì 65, Kẹ́mísìrì 40, Físíìsì 35. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 210 nínú 400.

Agogo 12. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi ara wọn. "A dúpẹ́." "Kò burú." Kò sẹ́ni tó dárúkọ máàkì. Ó kàn án, ó ní: "210 ni mo gbà. Físíìsì ló dà mí láàmú." Kẹ́kẹ́ pa. Ọmọkùnrin kan wá ṣí èsì tirẹ̀: "Bàọ́lọ́jì ni tèmi o. Mo lè là ọ́ lóye Físíìsì, tí ìwọ náà bá máa kọ́ mi."

Agogo 2 ọ̀sán. Olùkọ́ ní kí wọ́n pín ohun tí wọ́n kùnà sí mẹ́ta: èyí tí wọn kò mọ̀, èyí tí wọ́n ṣì kà, èyí tí àkókò kò jẹ́ kí wọ́n dé. Nínú ìbéèrè 26 tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà ní Físíìsì, kò tilẹ̀ rí 11 kà. Ìṣirò iná mànàmáná kan ló dá a dúró. "Tó bá le, tẹ N kó o kọjá," ni olùkọ́ wí. "P á dá ọ padà síbẹ̀."

Agogo 5 ìrọ̀lẹ́. Ó ń to àkókò ìkàwé rẹ̀. Àárọ̀ ni Físíìsì ń fẹ́, ṣùgbọ́n ọjà ló ni àárọ̀.

Agogo 8 alẹ́. "Ẹ kú àbọ̀, Mọ́mì."

"Báwo nìdánwò yẹn?"

Owó ata ni ìyá fi ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Irọ́ ìbá yá lẹ́nu. "Kò tíì dáa, Mọ́mì. 210 ni." Ó ṣàlàyé ibi tí wàhálà wà.

Ìyá dákẹ́ díẹ̀. "O ṣé tó o sọ fún mi. Màá wá ẹni tí á máa bá mi di ata. Jókòó ti ìwé rẹ láàárọ̀."

Ọ̀rẹ́, olùkọ́ àti ìyá ló ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí pé wọ́n mọ ohun tó ń ṣe é gan-an. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ lè dárúkọ máàkì kékeré lójú yín láìfòyà.